Bí Ẹ Ṣe Lè Yí Orúkọ Tókìn Kíríptò Padà Tí Owó Ẹnikẹ́ni Ò Fi Ní Há Sẹ́yìn

Ẹni tó bá mọ kọ́ọ̀dù dáadáa, kò ní pẹ́ tó fi máa yí orúkọ tókìn padà. Ibi tíṣẹ́ wà ni àkókò tó wà láàárín orúkọ àtijọ́ àti tuntun, ìgbà táwọn kan ti gbọ́, táwọn míì ò tíì gbọ́, táwọn onígbájú-ẹ̀ sì ti gbọ́ ṣáájú gbogbo wọn. Àwọn tó ń darí tókìn tí wọ́n ń gbèrò àtiyí orúkọ ẹ̀ padà ni mo kọ èyí fún, àmọ́ mo fi apá kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fáwọn tó kàn ra tókìn tiwọn jẹ́jẹ́ tí wọ́n wá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n rí i pé nǹkan tí wọ́n rà ti ń jẹ́ nǹkan míì.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yí gan-an

Nǹkan mẹ́ta ló wà lára tókìn tó dà bí orúkọ. Àkọ́kọ́ ni orúkọ gbọọrọ, irú bíi Polygon. Ìkejì ni ticker, àwọn lẹ́tà mélòó kan tó máa ń jáde lórí exchange (ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra tókìn tí wọ́n ti ń tà á), irú bíi MATIC. Ìkẹta ni àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì ẹ̀, ìyẹn kọ́ọ̀dù tó ń darí tókìn yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka àdírẹ́sì yẹn sí orúkọ rárá, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí tókìn wà nínú ẹ̀, mọ̀. Tó bá jẹ́ orí Ethereum, ọ̀kan lára àwọn blockchain, ni, 0x ló máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 42 sì ni gbogbo ẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ yí orúkọ gbọọrọ nìkan. Matic Network di Polygon lọ́dún 2021, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan ticker, MATIC ló ṣì ń jẹ́ títí di September 2024 tó wá di POL. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn dáa lójú tèmi, torí àwọn èèyàn ti mọ orúkọ tuntun tán kí wọ́n tó wá sọ fún wọn pé tókìn ọwọ́ wọn náà máa yí.

Àwọn kọ́ìnì tó ní blockchain tiwọn náà ò níṣòro púpọ̀. Darkcoin di Dash lọ́dún 2015, AntShares di NEO lọ́dún 2017, RaiBlocks di Nano lọ́dún 2018, Nano yìí náà tún yí ticker ẹ̀ sí XNO lọ́dún 2021. Kò sẹ́ni tó ní láti gbé nǹkan kan kúrò níbì kan lọ síbòmíì, àkọlé inú wọ́lẹ́ẹ̀tì (ibi tí èèyàn ń tọ́jú tókìn ẹ̀ sí) àti exchange ló yí, kọ́ìnì yẹn náà ló ṣì jẹ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ tókìn tí wọ́n gbé sórí blockchain ẹlòmíì ni. Tókìn ERC-20 (ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe tókìn) lórí Ethereum, inú kọ́ńtíráàtì ni wọ́n ti kọ name àti symbol ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síta, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sẹ́ni tó lè tún un kọ mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó dá a sílẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ tiyín nìyí: ẹ lọ sí Etherscan, wẹ́bùsáìtì téèyàn ti ń wo ohun tó wà lórí Ethereum, ẹ lẹ àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì yín síbẹ̀, ẹ tẹ Contract, kẹ́ ẹ wá tẹ Read Contract, ẹ máa rí name, symbol (ìyẹn ticker) àti decimals (iye nọ́ńbà tó lè wà lẹ́yìn àmì ìdá). Tẹ́ ẹ bá tún rí Read as Proxy níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ṣe kọ́ńtíráàtì yẹn lọ́nà tó ṣeé pààrọ̀ kọ́ọ̀dù ẹ̀, àdírẹ́sì ò ní yí, orúkọ nìkan ló máa yí. Tí kò bá sí, tí kò sì sí ibì kankan nínú kọ́ọ̀dù tí wọ́n ti fàyè gba àtitún orúkọ kọ, àfi kẹ́ ẹ gbé tókìn tuntun síta kí gbogbo èèyàn wá pààrọ̀ tọwọ́ wọn. Ti Solana, blockchain míì, yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá ṣì ní update authority (àṣẹ láti tún un kọ) lọ́wọ́, tí wọn ò sì tíì ti metadata (àkọsílẹ̀ orúkọ àti àmì) yẹn pa, lè yí orúkọ àti àmì ẹ̀ padà lórí tókìn yẹn gan-an láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pààrọ̀ nǹkan kan.

Ẹ má kọjá ibí yìí tẹ́ ò bá tíì mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, torí gbogbo ohun tó kù látorí ẹ̀ ló ti ń wá. Ẹni tó bá ní proxy, ó lè fo ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, àmọ́ kó má fo èyí tó kù.

2. Ẹ sọ ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dìbò kẹ́ ẹ tó mú orúkọ

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ìdí tẹ́ ẹ fi ń yí i gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ra tókìn yín lánàá. Àwọn ìdí tó múná dóko wà: bóyá ìwé àwọn lọ́yà ti dé pé ẹlòmíì ló ni orúkọ yẹn, bóyá iṣẹ́ tí tókìn yẹn ń ṣe ti yí padà, bóyá ẹ pa pọ̀ mọ́ iṣẹ́ míì. Tó bá jẹ́ torí pé iye owó ẹ̀ ti wálẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ yí i, ẹ dákun ẹ jókòó. Àwọn èèyàn á mọ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ síta pé ẹ fẹ́ fi orúkọ tuntun bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni.

MakerDAO, ètò tó ń yáni lówó lórí Ethereum, ni kẹ́ ẹ wò. Lọ́dún 2024 wọ́n sọ orúkọ ara wọn di Sky, tókìn wọn tó ń jẹ́ DAI wá ní USDS lẹ́gbẹ̀ẹ́, MKR sì ní SKY. Inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ò dùn rárá, torí Maker yẹn jẹ́ orúkọ táwọn èèyàn gbọ́kàn lé, débi pé ní November ọdún yẹn kan náà wọ́n tún padà dìbò bóyá kí wọ́n gba orúkọ àtijọ́. Sky ló wọlé, àmọ́ àwọn díẹ̀ tó ní tókìn púpọ̀ lọ́wọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ibo, ìyẹn ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán nínú àwọn tó kù. Ohun tí mo máa mú níbẹ̀ ni pé kí ìdìbò ṣáájú orúkọ, kó má jẹ́ ẹ̀yìn tí orúkọ ti jáde tán lẹ máa wá béèrè lọ́wọ́ wọn. Kẹ́ ẹ sì sọ iye èèyàn tó dìbò pẹ̀lú iye tókìn tí wọ́n fi dìbò, torí àwọn méjèèjì kì í ṣe nǹkan kan náà.

3. Orúkọ fúnra ẹ̀

Ẹ wo CoinGecko àti CoinMarketCap, àwọn wẹ́bùsáìtì tó ń to orúkọ tókìn, bóyá ticker tẹ́ ẹ fẹ́ ti wà níbẹ̀, kò sóhun tó ń dá tókìn méjì dúró láti lo ticker kan náà, ẹ̀yin lẹ máa jìyà ẹ̀. Ẹ ní kí lọ́yà wo ọ̀rọ̀ trademark, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí orúkọ. Ẹ ra àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì, kẹ́ ẹ gba orúkọ yẹn lórí X, Telegram, Discord àti GitHub kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, kẹ́ ẹ sì ra àwọn tó jọ ọ́ náà, èyí tí wọ́n ṣi lẹ́tà kan kọ nínú ẹ̀, torí tẹ́ ò bá rà á, àwọn onígbájú-ẹ̀ máa rà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kéde. Mi ò fẹ́ràn ticker oní lẹ́tà kan, irú S tí Fantom lò nígbà tó di Sonic, tàbí A tí EOS lò nígbà tó di Vaulta lọ́dún 2025. Ó rẹwà lójú, àmọ́ ẹ gbìyànjú láti wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ná, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa jáde.

4. Iye tó máa gbà

Tó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan di ọ̀kan. MATIC sí POL, ọ̀kan sí ọ̀kan. FTM, tókìn Fantom, sí S, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó yé ọmọdé, ó yé àgbà.

Tó bá jẹ́ iye míì, ẹ múra sílẹ̀ de ìbéèrè. LEND 100 ló di AAVE 1 lọ́dún 2020. Bílíọ̀nù 1.3 LEND wá di mílíọ̀nù 13 AAVE, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 3 kún un fún àpò iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 16. MKR 1 di SKY 24,000. BCHA 1 di mílíọ̀nù 1 XEC nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di eCash lọ́dún 2021. Nígbà tí AGIX darapọ̀ mọ́ FET lọ́dún 2024, AGIX 1 di 0.433350 FET, ẹ ẹ̀ rí i pé nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ á mú orí ẹlòmíì gbóná. Ẹni tó ní 100 tẹ́lẹ̀ tó wá rí 1 á kígbe pé wọ́n ti jà á lólè, ẹni tó ní 1 tó wá rí 24,000 á rò pé òun ti lówó, bẹ́ẹ̀ tí wọn ò bá fi tókìn kún un, ìpín àwọn méjèèjì nínú gbogbo ẹ̀ ò kúrò lójú kan. Torí náà ẹ fi àpẹẹrẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síta, ẹni tó ní báyìí máa gba báyìí, ẹ má kọ ìlànà ìṣirò nìkan.

Ohun tí inú ń bí mi sí jù ni kí wọ́n tẹ tókìn kún un láàárín kí orúkọ máa yí. Tẹ́ ẹ bá máa fi kún un, ẹ sọ ọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n dìbò lé e lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé POL náà síta, wọ́n fi àfikún tí MATIC ò ní sí i, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún lórí bílíọ̀nù 10 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́ pé àwọn tó ń ṣọ́ blockchain àti àpò kọ̀múnítì ló wà fún.

Ẹ yẹ decimals wò lẹ́ẹ̀mejì. Tí tókìn àtijọ́ bá jẹ́ 18, tí tuntun wá jẹ́ 6, tí ẹni tó kọ kọ́ọ̀dù ò rántí, ọjọ́ yẹn ò ní dáa fún ẹnikẹ́ni.

5. Kọ́ńtíráàtì ìpààrọ̀

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: ẹni tó ní tókìn máa fún kọ́ńtíráàtì náà láṣẹ láti mú ti àtijọ́, ìyẹn approve, á wá tẹ ìpààrọ̀, kọ́ńtíráàtì á gba ti àtijọ́, á tì í mọ́lẹ̀ tàbí kó jó o, ìyẹn ni pé kó pa á rẹ́ pátápátá, á sì fún un ní tuntun. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ yẹ kọ́ọ̀dù yẹn wò kẹ́ ẹ tó gbé e síta, kẹ́ ẹ gbé e sórí Sepolia, blockchain tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò, káwọn èèyàn fi tókìn tí kò níye lórí dán an wò, kẹ́ ẹ sì fi àṣẹ orí ẹ̀ sínú multisig, wọ́lẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé èèyàn bíi mélòó kan ló máa fọwọ́ sí i, kó má jẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ṣoṣo. Ti Polygon tiẹ̀ fàyè gba kí èèyàn yí POL padà sí MATIC, mo gba ti ìyẹn, ó máa ń fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ kankan, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ gbogbo ibi tí tókìn yín wà sílẹ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu. Òmíràn wà lórí exchange, ìyẹn rọrùn. Òmíràn wà nínú pool Uniswap, ibi táwọn èèyàn kó tókìn jọ sí káwọn míì lè máa pààrọ̀ níbẹ̀, àwọn tó fi síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó o jáde kí wọ́n tó lè pààrọ̀ ẹ̀. Òmíràn wà nínú staking, níbi tí wọ́n ti ń ti tókìn mọ́lẹ̀ láti gba èrè, kò sì ní ṣeé yọ títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé. Àwọn kan ti fi dógò níbi tí wọ́n ti yá owó, wọn ò sì lè yọ gbogbo ẹ̀ láì san gbèsè. Òmíràn ti gba bridge (afárá láàárín blockchain méjì) kọjá sórí blockchain míì, ohun tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe tókìn yín gan-an, ìwé ẹ̀rí pé ó wà lórí blockchain tó ti wá ni. Òmíràn wà nínú kọ́ńtíráàtì tó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kọ́ńtíráàtì yẹn ò sì gbọ́ pé orúkọ ti yí, tókìn àtijọ́ ló máa máa san títí ọjọ́ ayé. Èyí tó kù wá wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tí ẹnì kan jù sínú dúrọ́ọ̀, tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹni inú dúrọ́ọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kẹ́ ẹ má fi gbèdéke sí i. Kò ná yín ní nǹkan kan láti fi kọ́ńtíráàtì ìpààrọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, blockchain ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Àwọn tó máa ń fi gbèdéke sí i máa ń ní àwọn fẹ́ káwọn èèyàn tètè ṣe é. Ó yé mi, ti Sky náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún láti September 2025 lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pààrọ̀ MKR sí SKY, ìyọkúrò yẹn sì ń lọ sókè bí àkókò ti ń lọ. Ó kéré tán, ìyẹn sàn ju kí wọ́n tilẹ̀kùn pátápátá lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn, ẹ sọ látìbẹ̀rẹ̀ ibi tí èyí tó kù máa lọ, kó má lọ jẹ́ pé àpò yín ló máa wọ̀.

6. Àwọn exchange àtàwọn tó kù

Ẹ kàn sí wọn kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á dá títà àti rírà dúró, wọ́n á dá fífi sí i àti yíyọ kúrò dúró, wọ́n á pààrọ̀ tókìn àwọn oníbàárà wọn fún wọn, wọ́n á sì wá ṣí i pẹ̀lú ticker tuntun. Exchange míì á ní òun ò ṣe. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ní àwọn ò ṣe yẹn sókè gan-an, torí ẹni tí tókìn ẹ̀ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù wà lórí Etherscan, CoinGecko àti CoinMarketCap tẹ́ ẹ máa kọ láti yí orúkọ àti àmì padà. Ti Etherscan máa béèrè ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni kọ́ńtíráàtì yẹn. Ẹ tètè kọ wọ́n.

7. Ìkéde

Ojúewé kan ṣoṣo, lórí wẹ́bùsáìtì àtijọ́ yín táwọn èèyàn ti mọ̀, kẹ́ ẹ má lọ gbé e sórí èyí tuntun nìkan. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá sọ níbòmíì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lọ. Ó lè rí báyìí:

“Láti ọjọ́ báyìí, aago báyìí UTC, tókìn wa X á máa jẹ́ Y. X kan máa di Y kan. Tí tiyín bá wà lórí àwọn exchange tá a kọ sísàlẹ̀ yìí, ẹ má ṣe nǹkan kan. Tó bá wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín, ojúewé yìí nìkan lẹ ti lè pààrọ̀ ẹ̀. Àdírẹ́sì X rèé, àdírẹ́sì Y rèé. Kò sí gbèdéke. A ò ní kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀, a ò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí 12 tàbí 24 tí wọ́n fi ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín láé.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi àlàyé gígùn nípa ìran tuntun àti àwọ̀ tuntun sí ojúewé míì, ẹni tí ẹ̀rù owó ẹ̀ ń bà ò ní kà á. Ẹ kọ ọ́ ní gbogbo èdè táwọn èèyàn yín ń sọ, kẹ́ ẹ sì kọ àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì tuntun yẹn sí ó kéré tán ibi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi wọ́n wé ara wọn.

8. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ní tókìn yẹn lọ́wọ́

Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Tókìn àtijọ́ yín ò lè fò jáde nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ò rí tuntun níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn ò tíì mọ àdírẹ́sì tuntun ni, ẹ fi ọwọ́ fi kún un.

Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì, ẹ má tẹ lìńkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́, ẹ má sì tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde lórí Google torí ìpolówó lásán lè ni, wọ́n sì máa ń ra irú ìpolówó yẹn láwọn àkókò báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó gas (owó iṣẹ́ tí blockchain ń gbà) díẹ̀ lè gbé tókìn tó ń jẹ́ orúkọ tuntun yẹn síta lónìí, pẹ̀lú àmì ẹ̀ àti gbogbo ẹ̀, torí náà tí tókìn kan bá ṣàdédé wọlé sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín pé “ẹ wá gba tuntun níbí”, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Tẹ́ ẹ bá dé ojúewé ìpààrọ̀, ẹ fi àdírẹ́sì tí wọ́lẹ́ẹ̀tì gbé síwájú yín wé èyí tí wọ́n kéde, láti orí dé ìdí, kó má jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin iwájú àti mẹ́rin ẹ̀yìn nìkan lẹ máa wò. Wọ́n máa ń dá àdírẹ́sì tó jọra níbi méjèèjì yẹn. Ẹ fún un láṣẹ lórí iye tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ nìkan, kì í ṣe èyí tí kò lópin. Ẹ fi díẹ̀ dán an wò, tó bá wọlé kẹ́ ẹ wá ṣe èyí tó kù. Ẹ rántí pé ETH lẹ fi máa san gas lórí Ethereum o, kì í ṣe tókìn yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ lọ sí Revoke.cash kẹ́ ẹ gba àṣẹ tó bá ṣẹ́ kù padà. Kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀, torí àwọn tó ń gba owó orí níbi tẹ́ ẹ wà lè béèrè lọ́jọ́ kan.

Ẹ má fi ìkánjú tà á torí pé orúkọ yí, ẹ má sì fi ìkánjú rà á torí ìyẹn náà.

9. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti kọjá

Àwọn èèyàn á ṣì máa pe orúkọ àtijọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Àwọn tó ti wà látìbẹ̀rẹ̀, tó ti ya àwòrán ẹ̀fẹ̀, tó ti ṣe fídíò tí wọ́n fi kọ́ ẹlòmíì, orúkọ yẹn jẹ́ tiwọn bó ṣe jẹ́ tiyín, tẹ́ ẹ bá wá ń lé wọn jáde nínú Telegram torí pé wọ́n ń pè é, ẹ ti sọ wọ́n di ọ̀tá. Ẹ fi “X tẹ́lẹ̀” sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tuntun níbi gbogbo fún ìgbà pípẹ́, ẹ má pa àwọn ìwé àtijọ́ rẹ́, kí ẹni tó ń wá orúkọ àtijọ́ lè bá yín.

Ẹ máa wo pool tókìn àtijọ́. Tí wọn ò bá kó owó ibẹ̀ tán, ẹnì kan á máa rà á lówó pọ́ọ́kú tí á máa gbé e lọ pààrọ̀, ìyẹn ò burú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn ìpààrọ̀, ẹni tó bá ṣèèṣì rà á níbẹ̀ ti gbé nǹkan tí kò wúlò. Ohun tó tún burú ju ìyẹn ni kí tókìn tuntun máa jẹ́ orúkọ tí ti àtijọ́ ń jẹ́. Lẹ́yìn tí Terra, blockchain tó ni tókìn LUNA, wó lulẹ̀ ní May 2022, LUNA àtijọ́ di LUNC, wọ́n wá sọ òmíràn di LUNA. Ẹni tó bá ka ìròyìn ọdún 2021 tó wá lọ ra LUNA, nǹkan míì pátápátá ló rà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé, tẹ́ ẹ bá fi orúkọ kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Kẹ́ ẹ fi ẹnì kan sídìí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan. Àwọn tó máa dé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì kò ní ka ìkéde yín, àwòrán wọ́lẹ́ẹ̀tì wọn ni wọ́n á fi ránṣẹ́ pẹ̀lú “ibo lowó mi wà?”, ẹ má bú wọn pé ẹ ti kéde ẹ̀ tipẹ́, ẹ kàn fún wọn ní lìńkì ojúewé kan ṣoṣo yẹn, kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é tán.